"I use to" àbí "I used to": ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ní Ìkòròdú, àti ìdáhùn mi

Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń kọ́ àwọn èèyàn ní Gẹ̀ẹ́sì, nítòsí Sábó ní Ìkòròdú níbí. Àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC àti JAMB ló pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ mo tún ní àwọn tó ń wáṣẹ́, àwọn ìyá ọlọ́jà, àtàwọn àgbàlagbà tí ọmọ wọn fẹ́ mú lọ sókè òkun. Tí wọ́n bá ní kí n mú ibì kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ti ń kọsẹ̀, tọmọdé tàgbà, ọ̀rọ̀ "used to" yìí ni mo máa mú. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ti bi mí lórí ẹ̀ láìmọye ìgbà ni mo kó jọ síbí, mo dẹ̀ dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn ní kíláàsì gẹ́lẹ́.

Àǹtí, kí ló wá burú nínú "I use to wake up by five"? Ṣebí ó yé gbogbo èèyàn.

Ó yé wa láàárín ara wa, mi ò jiyàn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé létí, "use to" àti "used to" ò yàtọ̀ síra rárá, d yẹn kì í jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni, kódà lẹ́nu Òyìnbó fúnra wọn. Torí náà tẹ́ ẹ bá sọ "I use to" fún ẹni tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì bí, "I used to" ló máa gbọ́, ìtumọ̀ "I used to" lọ́dọ̀ tiẹ̀ dẹ̀ ni pé ẹ máa ń ṣe nǹkan yẹn tẹ́lẹ̀ àmọ́ ẹ ti jáwọ́. Ẹ ní "mo máa ń jí láago márùn-ún", òun gbọ́ "tẹ́lẹ̀ ni mo máa ń jí láago márùn-ún, mi ò kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́". Òdì kejì ohun tẹ́ ẹ sọ ló gbà sílé. (Ti "by five" yẹn náà ní ẹjọ́ tiẹ̀, "at five" ló yẹ kó jẹ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan lọ́kàn.)

Mo máa sọ ohun tó jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ yìí ní pàtàkì. Àbúrò ìyá mi lọ tọ́jú ọmọ tuntun fún ọmọbìnrin ẹ̀ ní London, ẹ̀jẹ̀ ríru dẹ̀ ń bá a fínra, wọ́n wá mú un lọ rí dókítà. Dókítà béèrè nípa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀, màmá fi tayọ̀tayọ̀ dáhùn pé "I use to take it every morning". Dókítà wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn ò lo oògùn mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìgbà tí wọ́n ti dá a dúró àti ohun tó fà á, ó fẹ́ kọ òmíì fún wọn. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ wọn tó jókòó síbẹ̀ tó tètè dá sí i. Oògùn tí màmá lò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an kí wọ́n tó kúrò nílé ni wọ́n ń sọ pé wọn ò lò o. Nígbà tí wọ́n dé tí wọ́n ń ròyìn ẹ̀ fún wa, gbogbo ilé ló ń rẹ́rìn-ín, èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Oògùn ni wọ́n ń sọ, ìyá mi kékeré dẹ̀ ni.

Níbo gan-an la ti kó "I use to" yìí?

Inú Yorùbá wa la ti kó o. "Máa ń" ni. Ọmọ tó ń sọ "I use to go to church on Sunday", Yorùbá ló ń rò nínú, "mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday" ló wà lọ́kàn ẹ̀, ó wá ń wá ohun tó máa fi sípò "máa ń". Ó mọ "I", ó mọ "go", ààrin ló ṣófo. Ó ti gbọ́ "used to" lẹ́nu títíṣà rí, ó dẹ̀ gbọ́ pé àṣà téèyàn máa ń ṣe léraléra ni wọ́n fi ń sọ, ó bá mú un kì bọ ibẹ̀. Ọpọlọ ọmọ yẹn ò dà rú o, iṣẹ́ ọpọlọ gidi ló ṣe yẹn, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣì gbé.

Ibi tó ṣì gbé nìyí. "Máa ń" tiwa ò bìkítà fún ìgbà. Ẹ lè sọ pé "mo máa ń jẹ ẹ̀bà lálẹ́" kó jẹ́ pé títí di àná lẹ ṣì ń jẹ ẹ́, ẹ dẹ̀ lè sọ pé "nígbà tí mo wà lọ́mọdé mo máa ń jẹ ẹ̀bà lálẹ́" kó jẹ́ nǹkan ogójì ọdún sẹ́yìn. "Máa ń" kan náà ni. Ọ̀rọ̀ míì ló ń gbé ìgbà fún wa: tẹ́lẹ̀, nígbà yẹn, látijọ́, láyé bàbá wa. Gẹ̀ẹ́sì ò rí bẹ́ẹ̀. "Used to" ti gbé "máa ń" àti "tẹ́lẹ̀" pọ̀ sínú ara ẹ̀, ó tún wá gbé "kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́" sẹ́yìn. Ẹ ò lè yọ "tẹ́lẹ̀" kúrò nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ lo èyí tó kù.

Kí wá ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ "máa ń" ti ìsinsìnyí? Kò fi nǹkan kan sọ ọ́. Ibi tó ti ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu nìyẹn. Ọ̀rọ̀-ìṣe lásán, láìwọ nǹkan kan, òun ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. "I go to church on Sundays", ó ti parí. "She sells fish at Ẹ̀pẹ́", ìyẹn ni pé ẹja ló máa ń tà, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, kódà tó bá ń sùn lọ́wọ́ báyìí. Tó bá jẹ́ pé ó ń tà á lọ́wọ́ tí ojú wa ń rí i, "she is selling fish". Yorùbá ń wo gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn bíi pé nǹkan kan sọ nù níbẹ̀, kò sí ohun tó sọ nù.

Báwo ni mo ṣe lè tètè mọ̀ ọ́n tí mo bá wà nínú ẹ̀sáàmù?

Tú u padà sí Yorùbá. Mo mọ̀ pé àwọn títíṣà kan máa ń sọ pé ká má fi Yorùbá ronú tá a bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, níbi èyí ní tèmi, Yorùbá ló máa yọ ọ́. Fi "tẹ́lẹ̀" síwájú, kó o fi "kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́" kádìí ẹ̀. Tó bá gba méjèèjì, "used to" ni. Tó bá jẹ́ "títí di ìsinsìnyí" ló lè kádìí ẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe lásán ni.

Ẹ jẹ́ ká fi nǹkan tá a mọ̀ dán an wò. Iléèwé gíga tó wà lọ́dọ̀ wa ní Ìkòròdú níbí, poly ni tẹ́lẹ̀, ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ sọ ọ́ di yunifásítì, LASUSTECH là ń pè é báyìí. Tẹ́lẹ̀, poly ni. Kì í ṣe poly mọ́. Ó gba méjèèjì. "It used to be a polytechnic." Àmọ́ ẹ ò lè sọ pé "It used to be in Ìkòròdú", torí ibẹ̀ náà ló ṣì wà, tẹ́ ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ ẹni tó gbọ́ máa béèrè ibi tí wọ́n kó o lọ.

Àwọn bàbá wa tó ti wa mọ́tò kí ọdún 1972 tó pé mọ̀ pé apá òsì la fi ń rìn ní títì bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ kejì oṣù April ọdún yẹn la bọ́ sí apá ọ̀tún. "Nigerians used to drive on the left." Ó pé. Owó náà ńkọ́? Pọ́n-ùn àti ṣílè ni à ń ná kí náírà tó dé ní ọjọ́ kìíní oṣù January 1973. "We used to spend pounds and shillings." Èkó ni olú-ìlú Nàìjíríà títí di ọjọ́ 12 oṣù December 1991 tí wọ́n kó lọ sí Abuja. "Lagos used to be the capital."

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ti orin orílẹ̀-èdè, torí ó ṣí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí payá. Orin tá a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ní 1960, ọdún 1978 ni wọ́n pa á tì tí wọ́n gbé òmíì wá. Láti 1978 yẹn, ìyá mi lè sọ nípa orin àkọ́kọ́ pé "we used to sing it", ó tọ́ láìsí àríyànjiyàn. Ó wá di 2024, ìjọba gbé orin àkọ́kọ́ padà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, sẹ́ńtẹ́ǹsì tó ti tọ́ fún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta yẹn yí padà mọ́ wọn lẹ́nu, orin kejì ló wá kù tí wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀ fún. Mo sọ èyí ní kíláàsì lọ́jọ́ kan, ọmọ kan ní "Àǹtí, gírámà náà ń tẹ̀lé gọ́ọ̀mẹ́ńtì!" Bẹ́ẹ̀ ni o, ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ láyé ni gírámà ń tẹ̀lé.

Ṣé dandan ni kó jẹ́ nǹkan tó ti pẹ́?

Rárá. Oṣù tó kọjá náà tó. Tó o bá ń fi danfo lọ sí Mile 12 títí di ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tó o wá bọ́ sínú BRT, "I used to go by danfo" ti tọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé àṣà ni, o dẹ̀ ti fi sílẹ̀.

Kí ni kí n wá máa sọ fún "máa ń" ti ìsinsìnyí? Ọ̀rọ̀-ìṣe lásán yẹn ń ṣe mí bíi pé mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán.

Ẹ̀yin nìkan kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá ń ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ fi "usually" sí i: "I usually wake up at five." Tó bá jẹ́ ojoojúmọ́ láìyẹ̀, "always", tó bá jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, "often", tó bá jẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, "sometimes". "Usually" yẹn, mo fẹ́ràn ẹ̀ fún àwa Yorùbá torí ibi tí "máa ń" máa ń jókòó gan-an ló máa ń jókòó, láàárín ẹni àti ìṣe. "Mo máa ń ta ẹja." "I usually sell fish." Ẹ kàn yọ "use to" kúrò, ẹ fi "usually" rọ́pò ẹ̀, ẹnu á kọ́kọ́ lọ́ra, kò ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ẹ ṣọ́ra ṣá fún "s" tó máa ń wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá jẹ́ he, she tàbí it. "She usually sells", kì í ṣe "she usually sell". Ohun tí "use to" ń bá wa bò mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn, torí "she use to sell" ò fi hàn pé a gbàgbé "s".

"Kì í" ńkọ́? Bọ̀ọ̀dá mi ní "He doesn't use to eat meat" ni.

Ọ̀nà kan náà ni. "Kì í jẹ ẹran", títí di òní: "He doesn't eat meat." Tó bá jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ ni kì í jẹ ẹ́, tó wá ń jẹ ẹ́ báyìí, "He didn't use to eat meat." Ẹ wo sípẹ́lì ẹ̀ dáadáa: ó di "use" láìní d, torí "did" ti gbé ìgbà àtijọ́ lọ́wọ́, kò sídìí tí ẹni méjì á fi gbé ẹrù kan ṣoṣo. Bó ṣe jẹ́ pé "he didn't went" ò dáa náà nìyẹn. Ìbéèrè náà bẹ́ẹ̀: "Did you use to live in Ijede?" Ọ̀pọ̀ Òyìnbó fúnra wọn máa ń gbàgbé, wọ́n á kọ d síbẹ̀, àmọ́ nínú ẹ̀sáàmù, láìní d ni kẹ́ ẹ kọ ọ́.

Tí "didn't use to" bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ lo "never used to". "He never used to eat meat." D ti padà síbẹ̀, torí kò sí "did" mọ́.

Kí wá ni "I am used to"? Ṣé kò jọra ni?

Ó jọra lójú, wọn ò bá ara wọn tan níbi ìtumọ̀. "Mọ́ lára" lèyí. "I am used to the noise", ariwo yẹn ti mọ́ mi lára. "I am not used to cold weather", òtútù ò tíì mọ́ mi lára. Tó bá ń mọ́ yín lára lọ díẹ̀díẹ̀, "I am getting used to it". Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi ọkàn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé balẹ̀, "You will get used to it", á mọ́ ẹ lára.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ tóbi. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ awakọ̀ kan wò tó ń ná títì Mile 12 sí Ìkòròdú. Tó bá ní "I used to drive at night", kì í wakọ̀ lóru mọ́. Tó bá ní "I am used to driving at night", ó ń wà á, kò dẹ̀ ni ín lára rárá. Ẹ wò ó bí "am" kékeré ṣe sọ ẹni tó ti ṣíwọ́ di ẹni tó ń ṣe é lọ.

JAMB fẹ́ràn ibí yìí gan-an, torí "-ing" tó máa ń wà níbẹ̀. "My father is used to ____ early." Wọ́n á gbé "wake", "wakes", "waking", "woke" kalẹ̀. Gbogbo ọmọ tó ti há a sórí pé lẹ́yìn "to" ọ̀rọ̀-ìṣe lásán ló máa ń wà á mú "wake", ó ti kùnà ẹ̀ nìyẹn. "Waking" ni. Ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú JAMB jẹ́ 60 nínú 180, ó pọ̀ ju ti ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tó kù lọ, gbogbo èèyàn ló dẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é, torí náà máàkì téèyàn lè rí he níbí ò yẹ kó ṣófò.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n: ẹ fi "it" sẹ́yìn "to" kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe dún. "I am used to it." Ó dún dáadáa, àbí? Ọ̀rọ̀-orúkọ lè jókòó síbẹ̀ nìyẹn, tí ọ̀rọ̀-ìṣe bá wá fẹ́ jókòó sórí àga ọ̀rọ̀-orúkọ, aṣọ "-ing" ló máa wọ̀ kó tó jókòó. "I used to it." Ẹ gbọ́ bó ṣe dún? Kò lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe lásán ló ń fẹ́ nìyẹn. Ọgbọ́n kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún "I look forward to it", ìdí nìyẹn tí lẹ́tà ìwáṣẹ́ yín fi gbọ́dọ̀ parí sí "I look forward to hearing from you", kì í ṣe "to hear".

Ẹ má gbàgbé d ibẹ̀ náà o. "I am use to it" pọ̀ lórí WhatsApp, torí etí la fi ń kọ ọ́.

"This knife is used to cut fish" ńkọ́? Èwo lèyí nínú méjèèjì?

Kò sí nínú méjèèjì. Ẹni kẹta lèyí, "lò" gidi ni: ọ̀bẹ yìí ni wọ́n fi ń gé ẹja. Kò ní í ṣe pẹ̀lú àṣà àtijọ́, kò ní í ṣe pẹ̀lú mọ́ lára. Ẹ kàn bi ara yín léèrè bóyá nǹkan kan wà tí wọ́n ń lò níbẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pè é gan-an?

Ibí dùn, ẹ jẹ́ kí n jókòó síbẹ̀ díẹ̀. "Used" tó jẹ́ "lò", z ló wà láàárín ẹ̀ lẹ́nu Òyìnbó. "Used to" ti àṣà àtijọ́ àti ti mọ́ lára, s ni, t tó wà níbi d dẹ̀ ti wọnú t tó wà ní "to", ó wá dún bíi "yúùsì-tù", ó yára, kò dúró láàárín rárá. Torí náà lẹ́nu tiwọn, ọ̀bẹ "used to cut" àti èmi "used to cut" ò dún bákan náà. Lẹ́nu tiwa, ó dún bákan náà, torí Yorùbá ò ní z. A gbọ́ méjèèjì bí s, a pe méjèèjì bí s, ìyàtọ̀ tó yẹ kí etí kọ́ wa wá sọ nù.

Mo ní ọmọ kíláàsì kan tó wá láti Àgbádárìgì, Ègùn ni, lọ́jọ́ tí mo kọ́ wọn ní èyí, kò tiẹ̀ rí ohun tó ṣòro níbẹ̀. Z wà nínú èdè tiwọn. Ṣebí Zangbeto ni wọ́n ń pe ọlọ́dẹ òru wọn, àwa Yorùbá ló ń sọ ọ́ di Sangbeto. Mo wá ní kó dúró níwájú kó máa pe "Zangbeto" fún gbogbo kíláàsì, kí wọ́n wo ẹnu ẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ kan ọ̀fun wọn nígbà tí wọ́n bá ń pè é. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan ọ̀fun tẹ́ ẹ dẹ̀ pe z, ọ̀fun á máa gbọ̀n. Tó bá jẹ́ s, kì í gbọ̀n. Ọ̀nà tó rọrùn jù tí mo mọ̀ nìyẹn, àtìgbà yẹn Zangbeto ni mo fi ń kọ́ wọn.

Mo kọ "I used to live in Epe for six years", títíṣà fi rẹ́ẹ̀dì fà á. Kí ló dé?

Torí o ti ka iye ọdún ẹ̀. "Used to" ò fẹ́ kéèyàn ka nǹkan pé ó jẹ́ báyìí, ó ń fẹ́ kí ìgbà náà tẹ́ lọ rẹrẹ. Tó o bá fẹ́ ka ọdún, ọ̀rọ̀-ìṣe ìgbà àtijọ́ lásán ni: "I lived in Epe for six years." Tó ò bá ní kà á: "I used to live in Epe."

Bẹ́ẹ̀ náà ni iye ìgbà. "I used to go to Badagry three times" ò dáa, ìrìn mẹ́ta péré kì í ṣe àṣà. "I went to Badagry three times." Àmọ́ "I used to go to Badagry three times a year" dáa gan-an, torí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dọọdún yẹn ò ní òpin tá a kà, ó ń lọ ni.

Wọ́n ní "would" náà lè sọ ohun tí "used to" ń sọ.

Ó lè sọ ọ́ tó bá jẹ́ ìṣe. "On moonlit nights, our grandmother would tell us stories." Ó dùn jù "used to" lọ nínú lẹ́tà àti ìtàn, mo máa ń ní kí àwọn ọmọ WAEC fi sínú àròkọ wọn. Àmọ́ kò lè sọ bí nǹkan ṣe rí. Ilé alájà àkọ́kọ́ ní Àgbádárìgì, èyí táwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní 1845, ẹ lè sọ pé "Missionaries used to live in that house", ẹ ò lè sọ pé "Missionaries would live in that house", ẹni tó bá gbọ́ á máa dúró dè yín kẹ́ ẹ parí ọ̀rọ̀. Ìtàn sísọ jẹ́ ìṣe tó ń wáyé tó tún ń tán kó tó di pé wọ́n tún un ṣe, gbígbé inú ilé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ṣé Òyìnbó ò sọ "use to" ti ìsinsìnyí rí láyé wọn ni?

Wọ́n sọ ọ́! Inú mi dùn pé ẹnì kan béèrè. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní in, "he uses to go" dáa nígbà kan rí, "ó máa ń lọ" gẹ́lẹ́ ló túmọ̀ sí. Ẹ ṣí Bíbélì King James, ti 1611 yẹn, ẹ lọ sí Sáàmù 119 ẹsẹ 132, ẹ máa rí "as thou usest to do" níbẹ̀: bí O ti máa ń ṣe. Ti ìsinsìnyí ni, kì í ṣe pé Ọlọ́run ti ṣíwọ́. Ó wá kú mọ́ wọn lẹ́nu bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ti ìgbà àtijọ́ nìkan ló ṣẹ́ kù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ẹsẹ yẹn, ó gbà mí lọ́kàn fún ọjọ́ mélòó kan. Ààyè tí àwọn ọmọ wa ń wá nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó wà níbẹ̀ rí. "Usest" yẹn ò lè gbà yín lónìí ṣá o, ẹ má lọ kọ ọ́ sínú ẹ̀sáàmù.

Ṣé Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà kọ́ lèyí? Kí ló dé tá a fi gbọ́dọ̀ máa sọ ọ́ bíi tiwọn?

Mo gba ọ̀rọ̀ yín rò gidi. Tí ìyá ẹlẹ́ja bá sọ fún mi l'Ẹ̀pẹ́ pé "I use to get fresh one on Thursday", mo mọ ohun tó ń sọ, màá lọ lọ́jọ́ Thursday, ẹja á dẹ̀ wà níbẹ̀. Mi ò ní tún un ṣe fún un láéláé, ìwà àìmọ̀wàáhù ni. Inú máa ń bí mi tí mo bá rí àwọn tó ń fi irú ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù, torí kò sí ẹni tó ń sọ èdè méjì tí èdè àkọ́kọ́ kì í yọ jú nínú ìkejì.

Àmọ́ ìtumọ̀ tó yí padà pátápátá ló ń dùn mí níbí, kì í ṣe ẹwà. Tẹ́ ẹ bá sọ "I am coming" nígbà tẹ́ ẹ ń jáde lọ, Òyìnbó á wò yín, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Èyí yàtọ̀. Níbi íńtáfíù, "I use to come to work early" ń sọ fún wọn pé ẹ ti di ẹni tó ń pẹ́. "I use to pay my rent on time" ń sọ pé ẹ ti ń jẹ gbèsè. Ẹni tó gbọ́ ọ ò dẹ̀ ní bi yín léèrè, torí sẹ́ńtẹ́ǹsì tó pé pérépéré ló gbọ́, kò mọ̀ pé nǹkan míì lẹ ní lọ́kàn. Ẹ ò ní mọ ohun tó fà á tí wọn ò fi pè yín padà. Ìdí tí mo fi ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu lórí ẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ mi ò ju ọdún mẹ́sàn-án lọ. Báwo ni mo ṣe lè kọ́ ọ nílé láìfi gírámà sú u?

Ẹ má dárúkọ gírámà rárá. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àgbàlagbà kan, ìyá ìyá ẹ̀ tó bá wà nítòsí, kí màmá sọ bí àdúgbò ṣe rí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé ní Yorùbá: ibi tí wọ́n ti ń pọnmi, iye tí wọ́n ń ra búrẹ́dì, bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ẹbúté. Tẹ́ ẹ bá padà délé, kí ọmọ wá sọ mẹ́ta nínú ẹ̀ fún yín ní Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ẹ̀ máa fẹ́ "used to" fúnra ẹ̀. Lẹ́yìn náà kó sọ mẹ́ta nípa ara ẹ̀, ohun tóun máa ń ṣe lójoojúmọ́, ní ọ̀rọ̀-ìṣe lásán. Ẹ jẹ́ kó so méjèèjì pọ̀: "Grandma used to fetch water from the well. I fetch water from the tap." Tó bá sọ "I use to fetch", ẹ má pariwo mọ́ ọn, ẹ kàn bi í ní Yorùbá pé "ṣé o ò pọn ọ́n mọ́ ni?" Á dáhùn pé "mò ń pọn ọ́n o, màmi", á dẹ̀ tún un sọ fúnra ẹ̀. Ọmọ àbúrò mi tí mo fi ṣe báyìí, kò pé oṣù kan tó fi ń tún ti bàbá ẹ̀ ṣe.